Kí ló yẹ kó ṣáájú nígbà tí owó oṣù kò bá ká gbogbo ìnáwó ilé?

Ìbéèrè (láti Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan, káfíńtà ni ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta la sì bí. Ìparí oṣù ni owó tèmi máa ń wọlé; tirẹ̀ kò ní ọjọ́, ó lè gba iṣẹ́ ńlá lọ́sẹ̀ yìí, kó má sì rí nǹkan kan mọ́ títí oṣù á fi parí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti ń fún wa lọ́rùn, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ìnáwó tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ló máa ń gba owó lọ. Bí ìpè bá dé pé wọ́n ti mú aṣọ ẹbí fún ìsìnkú ní ìlú ọkọ mi, a ó san án. Bí ilé-ìwé bá wọlé, a ó máa wá ẹni tí yóò yá wa lówó kiri. A tún ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá tèmi àti ìyá tirẹ̀, n kò sì fẹ́ kí èyí dúró. Báwo lẹ ṣe ń pinnu ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, tí kò fi ní dìjà láàrin tọkọtaya?

Ìdáhùn kìíní (ìyá oníṣòwò, Òṣogbo)

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyàwó wa. Orí owó tó ní ọjọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó ilé àti owó ilé-ìwé kì í báni lójijì, nítorí a mọ oṣù tí onílé ń bọ̀, a sì mọ̀ pé táàmù mẹ́ta ló wà nínú ọdún. Bí owó ilé yín bá jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ẹ ti jẹ gbèsè ₦30,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, bí onílé kò tilẹ̀ tíì yọjú. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ka èyí tó kù sí owó yín.

Fún bàbá tí owó rẹ̀ kò ní ọjọ́, àjọ ló bá a mu. Lọ́jọ́ tó bá gba iṣẹ́ ńlá, kó san ti ọjọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí alájọ sì fa ìlà rẹ̀ sínú káàdì lójú rẹ̀. Lóòótọ́ ni alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ì bá ti tú dànù níta. Ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí ẹ sì mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ni kí ẹ dá a fún.

Ní ti oúnjẹ, rírà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ owó jù. Ẹni tó ń ra òróró inú ọ̀rá lójoojúmọ́ ń san ju ẹni tó bá aládùúgbò dáwó jọ ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ. Láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni epo pupa máa ń pọ̀. Ẹ̀wà sì máa ń gba owó tó mọ níwọ̀n nígbà tí ìkórè Òkè Ọya bá ti wọ ọjà, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ da ata gbígbẹ díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kòkòrò kò ní rí i jẹ.

Ìdáhùn kejì (òṣìṣẹ́ ìjọba, Abẹ́òkúta)

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹni tó béèrè kò rí owó ńlá gbà. Òfin oṣù keje ọdún 2024 sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ṣùgbọ́n kò kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Aṣọ ẹbí ni. Ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tí ẹ lè ná sí i lọ́dún. Bí ó bá ti tán, gèlè tàbí fìlà nìkan ni kí ẹ rà, kò sí ẹni tí yóò lé yín níbi ìsìnkú. Owó àwọn ìyá yín ní tirẹ̀, ẹ kà á mọ́ owó tó ní ọjọ́, kí iye tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó sì dọ́gba, ì báà kéré.

Ìdáhùn kẹta (bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹbí o. Àwọn tí ẹ bá ṣe tiwọn ni yóò dúró tì yín lọ́jọ́ tiyín, owó ìsìnkú òbí ẹni kò sì ṣe é fi wé ti ará ọ̀nà jíjìn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju aṣọ ẹbí lọ ni owó yíyá lórí fóònù, tí èlé rẹ̀ ń gorí ara wọn láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yáwó, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì iye tí ènìyàn ti fi pamọ́, èlé wọn sì mọ níwọ̀n. Ẹ tún béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, torí àìsàn ọmọ kan ṣoṣo lè kó gbogbo ohun tí ẹ ti tò jọ lọ.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí, ó sì gbà láti bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ó ní kí n bi ìyá wa bóyá àwa olùkọ́ lè dá èsúsú sílẹ̀ fún owó ilé-ìwé.

Ìyá oníṣòwò, Òṣogbo

Èsúsú dára fún owó ilé, nítorí oṣù tí kálukú ń san tirẹ̀ yàtọ̀ síra, ẹ sì lè tò ó kí olúwarẹ̀ kó tirẹ̀ nígbà tí onílé rẹ̀ bá ń bọ̀. Ti ilé-ìwé kò rí bẹ́ẹ̀: oṣù kẹsàn-án kan náà ni gbogbo yín yóò fẹ́ kó owó, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì rí i kó. Àjọ ni kí ẹ dá fún ìyẹn, kí kálukú kó tirẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ.