Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní pẹ́ẹ̀nì fún lẹ́sìnì ìṣirò lórí Zoom, èwo ni kí n rà?

TísàÒkèÀdó:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, mo ń wá tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo lè máa fi pẹ́ẹ̀nì kọ̀wé lójú ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ń fi ìka tẹ̀ nìkan o. Tísà ìṣirò ni mí n'Íbàdàn, mo máa ń ṣe lẹ́sìnì lórí Zoom lálaalẹ́ fún àwọn ọmọ SS3 tó ń múra WAEC àti JAMB, àwọn kan wà níbí, àwọn kan wà l'Ékòó, ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Peckham lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ìṣirò ò ṣeé fi kíbọ́ọ̀dù kọ́ èèyàn, kí n tó wá ibi tí àmì square root wà, ọkàn àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Báyìí mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, màá yà á ní fọ́tò, màá jù ú sí WhatsApp, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti parí ni wọ́n ń rí yẹn, èmi sì fẹ́ kí wọ́n máa rí ọwọ́ mi bó ṣe ń lọ, kí wọ́n rí ibi tí mo ti gbé nọ́ńbà kọjá equal to tí àmì ẹ̀ fi yí padà, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣì í.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju ₦350,000 lọ. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ₦95,000, wọ́n ní pẹ́ẹ̀nì wà nínú páálí ẹ̀. Ìyàwó mi ní iPad ni kí n rà, tísà ẹgbẹ́ mi kan ní Surface tòkunbọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ti Microsoft, ló dáa jù. Mo ní láptọ́ọ̀pù kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ojú ẹ̀ kì í ṣe touchscreen, bátìrì ẹ̀ ò sì gbé nǹkan mọ́, tí wọ́n bá ti mú iná báyìí ó ti kú nìyẹn. Ohun tó jẹ mí lógún jù ni kí n lè gbé ọwọ́ lé e kí n máa kọ̀wé lọ, kí n lè ṣí PDF past question kí n kọ nǹkan sórí ẹ̀, kí bátìrì ẹ̀ sì gbé lẹ́sìnì wákàtí méjì láì sí NEPA. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ỌmọVillage:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má tíì sanwó ẹni ₦95,000 yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kó ya fọ́tò ẹnu pẹ́ẹ̀nì yẹn ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ rọ́bà rògòdò ló wà lẹ́nu ẹ̀, ìka lásán ni tábúlẹ́ẹ̀tì kà á sí. Ojú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ayé ìsinsìnyí, ohun tí iná mànàmáná lè gba ara ẹ̀ kọjá ló ń mọ̀ lára, awọ ara wa wà nínú ẹ̀, rọ́bà yẹn náà, wọ́n po nǹkan tó ń gba iná mọ́ ọn ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ó máa gbà pé ìka méjì mẹ́ta ló ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, ilà á kàn máa yọ níbi tẹ́ ẹ ò fà á sí, ẹ máa wá gbé ọwọ́ sókè fún wákàtí méjì, apá á dùn yín.

Èyí tẹ́ ẹ ń wá ni èyí tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti mọ pẹ́ẹ̀nì yàtọ̀ sí ọwọ́, tó fi jẹ́ pé bí pẹ́ẹ̀nì bá ti sún mọ́ ọn báyìí kò ní dá ọwọ́ yín lóhùn mọ́. Oríṣi wọn pọ̀, èyí tó wù mí jù fún ilẹ̀ wa ni ti Wacom, iléeṣẹ́ àwọn ará Japan, EMR ni wọ́n ń pè é. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń tú agbára mágínẹ́ẹ̀tì jáde, wáyà wíwé kékeré inú pẹ́ẹ̀nì ló ń gba agbára yẹn tó sì ń dá a lóhùn padà. Kò sí bátìrì nínú pẹ́ẹ̀nì yẹn, kò gba ṣáàjì, ẹ lè jù ú sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún kan kẹ́ ẹ mú un jáde kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná wa yìí, ohun kan tí ò ní kí n wá ibi tí màá kì í bọ̀, inú mi dùn sí i gan-an.

S Pen ti Samsung, EMR yìí ló ń lò. Fún owó yín, Galaxy Tab S6 Lite ni màá ní kẹ́ ẹ wá. 2020 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n tún gbé tuntun ẹ̀ jáde ní 2022 àti 2024, ojú ẹ̀ jẹ́ 10.4 inches, bátìrì ẹ̀ 7,040 mAh, Zoom wákàtí méjì ò tó nǹkan lára ẹ̀, pẹ́ẹ̀nì sì wà nínú páálí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Tab A7 tàbí A8 tàbí A9 dípò ẹ̀ fún yín kí wọ́n ní Samsung ni Samsung, àwọn yẹn ò gba S Pen rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ẹnu pẹ́ẹ̀nì sún mọ́ ojú ẹ̀ láì jẹ́ kó kàn án, tẹ́ ẹ bá rí àmì kékeré kan tó ń tẹ̀ lé pẹ́ẹ̀nì káàkiri, ojúlówó nìyẹn.

ÌyáAyàwòrán:
Ẹ kí màdáámù fún mi sà, wọn ò purọ́, iPad dáa. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́, àwòrán ìwé ọmọdé ni mò ń yà, Procreate tí mò ń lò ò sì sí lórí Android. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ lé e tẹ́ ẹ ń kọ, kò ní ṣe nǹkan kan, pẹ́ẹ̀nì nìkan ló ń gbọ́. Àmọ́ Apple kì í fi Pencil sínú páálí, lọ́tọ̀ lẹ máa rà á, mi ò sì rò pé ₦350,000 lè gbé tuntun pẹ̀lú Pencil ẹ̀ lónìí.

Pencil yẹn gan-an, oríṣi mẹ́rin ló ti wà. Ti 2015, ìdí ẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ ihò ṣáàjì iPad. Ti 2018 ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iPad ní tiẹ̀. Ti 2023 ń fi USB-C ṣáàjì, kò mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ le tàbí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò kan oníṣirò. Ti 2024 ni Pencil Pro. iPad kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó ń gbà, iPad 9 tí wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ káàkiri yẹn, ti 2015 nìkan ló gbà, torí náà tí wọ́n bá fi Pencil 2018 kún un fún yín pé ẹ̀bùn ni, kò ní wúlò fún yín.

Àwọn kan tún máa ń lẹ nǹkan tó rí hàràhàrà mọ́ ojú ẹ̀ kí pẹ́ẹ̀nì má bàa máa yọ̀. Ó dùn ún kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ẹnu pẹ́ẹ̀nì.

BàbáTòkunbọ̀:
Tísà, ẹ kú làálàá. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra Surface o, kọ̀ǹpútà gidi ni, Windows ló wà nínú ẹ̀, OneNote, áàpù ìkọ̀wé ti Microsoft, dùn ún lò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń rà. Surface Pro àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013 àti Pro 2, pẹ́ẹ̀nì Wacom ni wọ́n ń lò, láti Pro 3 ní 2014 ni Microsoft ti yí sí ti N-trig, iléeṣẹ́ mìíràn, pẹ́ẹ̀nì ti tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́ lára èyí tó dé lẹ́yìn. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín láì sí pẹ́ẹ̀nì, tó ní kẹ́ ẹ lọ wá èyíkéyìí, ẹ dá owó yín dúró. Surface Pen ti Pro 3 àti Pro 4, bátìrì AAAA ló ń gbà, ẹ ka A yẹn dáadáa, mẹ́rin ni, ó tín-ín-rín ju ti rìmóòtù lọ, ẹ ò lè rí i lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta bátìrì létí títì. Bátìrì inú àwọn Surface àtijọ́ fúnra ẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́nú, pípààrọ̀ ẹ̀ le gan-an, tó bá ti gbó kò wúlò fún ẹni tó ń sá fún NEPA.

Ohun tí mo máa ń ṣe sí tòkunbọ̀ èyíkéyìí kí n tó sanwó: màá ṣí Paint, màá gbé rúlà lé ojú ẹ̀, màá rọra fa ilà láti kọ̀rọ̀ kan dé kọ̀rọ̀ kejì, kí n má yára rárá. Tí ilà yẹn bá ń wọ́ bí ejò, bẹ́ẹ̀ náà ni graph yín ṣe máa rí lójú àwọn ọmọ. Ẹ fa pẹ́ẹ̀nì ká gbogbo ojú ẹ̀ dé etí, torí apá kan lè ti kú. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú ẹ̀ rí, ojú tí wọ́n pààrọ̀ lè gba ìka dáadáa kó má gba pẹ́ẹ̀nì mọ́.

OlùkọHouston:
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Èdè Yorùbá ni mo ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ wa níbí. Pẹ́ẹ̀nì kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní kọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà ńláńlá ẹ ò ní mọ̀, ìgbà tó bá kan àmì ìdí ẹ, ọ àti ṣ, tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa fi ẹnu pẹ́ẹ̀nì kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní hàn. Ti ẹ̀yin oníṣirò tún léwu jù, 2.5 á di 25, ọmọ á sì dà á kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀! Torí náà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ 0.05, 1.25, 3.6, kẹ́ ẹ kọ ọ́ kíákíá bẹ́ ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ lójú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbogbo point ló wà níbẹ̀. 4,096 pressure tí wọ́n fi ń polówó yẹn, ìyẹn oríṣiríṣi bí pẹ́ẹ̀nì ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ tẹ̀ ẹ́ le tàbí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ayàwòrán ló nílò ẹ̀.

ỌmọAkoka:
Bọ̀dá Tísà, ṣé ẹ ti ro ti páàdì tí kò ní sikirínì? Wacom ń ṣe é, Huion àti XP-Pen náà ń ṣe é, pátákó pẹlẹbẹ kan ni, ẹ máa fi USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ yín á máa kọ ọ́ lórí pátákó, ojú láptọ́ọ̀pù ló ti máa jáde. Ó pọ́ọ́kú ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa, pẹ́ẹ̀nì ọ̀pọ̀ wọn ò sì gba bátìrì. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ́ èèyàn lára torí ojú yín ò ní sí níbi tí ọwọ́ yín wà. Xournal++ ọ̀fẹ́ ni, ó máa ṣí PDF past question yín kẹ́ ẹ kọ nǹkan sórí ẹ̀.

TísàÒkèÀdó:
Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á máa bù kún ìmọ̀ yín. Ẹni ₦95,000 fi fọ́tò ránṣẹ́, rọ́bà ni, mo ti fi í sílẹ̀. Páàdì yẹn ì bá wù mí nítorí owó, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ni ò jẹ́, iná kì í sì í dúró lálẹ́ ládùúgbò wa. Tab S6 Lite ni mo máa wá. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè ṣí Zoom lórí ẹ̀ kí n tún máa kọ̀wé lórí ẹ̀ kan náà, àbí fóònù ni màá fi wọ Zoom? Ṣé kí n ra èyí tó ń gba SIM ni?

ỌmọVillage:
Orí tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ ti lè ṣe méjèèjì sà. Ẹ wọ Zoom, ẹ tẹ Share, ẹ yan Screen, kẹ́ ẹ wá ṣí Samsung Notes, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń kọ ni wọ́n á máa rí. Ẹ kọ́kọ́ tan Do Not Disturb kí mẹ́sèèjì ilé má bàa yọ lójú ẹ̀. Samsung Notes ń gba PDF wọlé, ẹ kọ ìdáhùn sórí past question tààrà, tẹ́ ẹ bá parí ẹ fi PDF yẹn ránṣẹ́ sí WhatsApp, ọmọ tí dátà ẹ̀ tán láàárín lẹ́sìnì á rí i kà. Tí dátà bá ti wà lórí fóònù yín, hotspot ti tó, ẹ ra ti Wi-Fi nìkan, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra ìdérí tó ní àyè pẹ́ẹ̀nì, torí mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ló mú pẹ́ẹ̀nì yẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó máa ń já bọ́ nínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá máa wá sí Ìkẹjà, ẹ má wá ní Sátidé, èrò á pọ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ fa ilà yín pẹ̀lú rúlà.