Inis Mór: mo lọ, mo sì bọ̀

Èmi tí mo béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹni tí kò ní mọ́tò lè ti ìlú Galway ní Ireland lọ sí erékùṣù Inis Mór, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, mo ti dé o. Ó ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀sì gbé mi dé èbúté Rossaveel, ọkọ̀ ojú omi sì gbà tó ìṣẹ́jú 40.

Atalẹ̀ tí ẹ ní kí n máa jẹ kí èébì má baà gbé mi nínú ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní àlọ. Ní àbọ̀ ńkọ́? Mo bì.

Kẹ̀kẹ́ tí mo háyà ní Kilronan, abúlé kan ní erékùṣù náà, dára, àmọ́ atẹ́gùn pọ̀ débi pé mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Dún Aonghasa, odi òkúta àtijọ́ tó wà lórí àpáta gíga létí òkun, kò ní irin ìdábòbò kankan létí bèbè. Ṣe ni mo dojú bolẹ̀ kí n tó yọjú wo òkun.

Erékùṣù kejì, Skellig Michael, ló kù: ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kúrò ní èbúté Portmagee. Ẹ ṣeun.