Irọ́ àti òótọ́ tí DNA ìyá ti sọ fún wa

Ta ló ti bá DNA máítókọ́ńdíríà ṣiṣẹ́ rí níbí, ìyẹn DNA ìyá tó wà nínú ilé agbára sẹ́ẹ̀lì? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà tí mò ń ṣe másítà, mo ra ẹran ìgbẹ́ yíyan lẹ́bàá títì, gígé ni wọ́n gé e. Ìyá tó ń tà á búra pé ọ̀yà ni gbogbo rẹ̀. Iná àti èéfín ti ba ẹran yẹn jẹ́ kọjá sísọ. DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀dà méjì péré ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ṣùgbọ́n ti máítókọ́ńdíríà lè tó 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pọ̀ bá jóná, díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Cytochrome b, jíìnì kan nínú DNA máítókọ́ńdíríà tí a fi ń dá ẹranko mọ̀ yàtọ̀ síra, la kà. Òkété wà nínú ọ̀yà ìyá yẹn! Mo sì ti tọ́ ọ wò kí n tó gbé e dé láàbù o.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe oríire. Èmi, irọ́ ni DNA yìí pa fún mi. DNA tata ni mò ń kà, inú mi ń dùn pé mo ti rí ẹ̀yà tuntun. Ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Kí ni àmì ìdádúró, àmì tó ń sọ pé jíìnì ti parí, ń wá láàárín jíìnì tó ń ṣiṣẹ́?" Àṣé ẹ̀dà DNA máítókọ́ńdíríà kan tó ti sá wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì láti ayé àtijọ́, tó ti kú síbẹ̀, ni mo kà. Oṣù mẹ́ta ló bá a lọ.

*

Mo fi itọ́ ránṣẹ́ láti London sí àwọn tó ń yẹ DNA wò, wọ́n ní L3e ni mí, orúkọ ẹ̀ka ìdílé ìyá kan. Dádì bínú: "Ìran tèmi ńkọ́?" Mo ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni DNA yìí ti ń wá, òun ló fi rọrùn láti tọ ipa rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Mo sọ ti Cann, Stoneking àti Wilson fún wọn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tọ ipa ènìyàn 147 dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Áfíríkà lọ́dún 1987. Inú ibi ọmọ ni wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú DNA náà, ibi ọmọ tí àwa máa ń rì mọ́lẹ̀! Obìnrin yẹn kọ́ ló dá wà láyé nígbà náà, ìlà tirẹ̀ ni kò já. Ní ìran kẹwàá sẹ́yìn, àwọn tó bí wa lè tó 1,024. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni DNA yìí mọ̀.

Dádì dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n á dá owó ẹ padà?"