Àárù ni, kì í ṣe ìrìnnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi.

Láti ọjọ́ Ajé tí olùkọ́ wa ní Iléṣà ti béèrè ọ̀rọ̀ tí yóò lò nínú ìwé pélébé tó ń kọ fún àwọn tó ń tọ́jú òbí wọn nílé, ni mo ti ń ka èsì yín. Ohun tó fẹ́ ṣàlàyé ni bí pùròtéènì, èròjà tí ara fi ń ṣiṣẹ́, ṣe ń kúrò níbi tí sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri láàárín ọpọlọ àti ara, ti ń ṣe é, títí tó fi ń dé ìpẹ̀kun apá gígùn sẹ́ẹ̀lì náà, àti bí ìdíwọ́ lójú ọ̀nà yìí ṣe kan àrùn Alzheimer, àìsàn tó ń gba iyè lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọdákẹ́kẹ́ mú “ìrìnnà pùròtéènì” wá. Àǹtí wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí a sọ pé “ìpínkiri amáradàgbà”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àgbà ni wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi lè bá wọn lọ.

Pùròtéènì ò rìn. Wọ́n rù ú ni. Ní 1985, àwọn onímọ̀ rí pùròtéènì kan nínú nẹ́ẹ̀fù ńlá ti ẹranko òkun tó ń jẹ́ squid, wọ́n sọ ọ́ ní kinesin. Kinesin yìí ní ẹsẹ̀ méjì. Á gbé ẹrù, á wá máa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó na inú apá sẹ́ẹ̀lì já. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ 8 nánómítà (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan). Kó tó rin mílímítà kan ṣoṣo, ìṣísẹ̀ 125,000 ni yóò gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ rí níbẹ̀? Èmi rí alábàárù. Mo rí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọjà Àtàkúnmọ̀sà pẹ̀lú òṣùká lórí, tí wọ́n ń gbé àpò gàrí gba àárín ìsọ̀ kọjá, níbi tí mọ́tò kankan ò lè gbà.

Nítorí náà, “àárù inú nẹ́ẹ̀fù” ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wa. Ó ní ẹni tó rù, ó ní ẹrù, ó ní ibi tí a ti gbé e àti ibi tí a ó sọ̀ ọ́ sí. Ó tún ń bímọ: kinesin, tó sábà máa ń gbé ẹrù láti ìdí sẹ́ẹ̀lì lọ sí ìpẹ̀kun, ni alábàárù àlọ, dynein, pùròtéènì mìíràn tó ń kó ohun tó ti gbó padà wálé, ni alábàárù àbọ̀. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìtàn ìjàpá àti àna rẹ̀ ti mọ àlọ, ó ti mọ àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ní àdúgbò yín náà ni ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” wà, níbi tí Babs Fafunwa àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè fojú rí ni mo ń wá.

Ẹ lè ní iṣẹ́ tálákà ni àárù, pé kò yẹ ká fi pe ohun tó wà nínú ọpọlọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nẹ́ẹ̀fù tó ti ẹ̀yìn wá dé àtẹ́lẹsẹ̀ lè tó mítà kan. Ẹrù tó yá jù lọ lè rin 200 sí 400 mílímítà lójúmọ́, ìyẹn ni pé yóò débẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé. Ẹrù tó fà jù lọ ò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ lójúmọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní ọdún mẹ́ta. Fún àwọn kan nínú ẹrù tó ń fà yìí, ohun tí wọ́n rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni pé wọ́n ń sáré náà, àmọ́ wọ́n ń dúró sinmi fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún gbéra. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ní ti “ìpínkiri”, ẹ wo ohun tí àwọn onímọ̀ méjì, Paul Weiss àti Helen Hiscoe, ṣe ní 1948. Wọ́n fún nẹ́ẹ̀fù ẹranko pinpin ní ojú kan, ibi tó kọjú sí ìdí sẹ́ẹ̀lì sì wú, nítorí ohun tó ń bọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ohun tó ní orísun, tó ní ibi tó ń lọ, tó sì lè há sójú ọ̀nà, kì í ṣe ìpínkiri. Amáradàgbà sì dára fún ẹ̀wà àti ẹyin nílé ìwòsàn, Àǹtí mi, ṣùgbọ́n níhìn-ín, pùròtéènì ni ẹrù, pùròtéènì ni alábàárù, pùròtéènì náà ni ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi pùròtéènì sílẹ̀ bó ṣe wà. Nẹ́ẹ̀fù náà nìyẹn: iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà àti iṣan tí a fi ń gbé nǹkan ti pọ̀ jù lọ́rùn “iṣan”.

Èyí tó le jù láti ṣàlàyé ni pùròtéènì kan nínú nẹ́ẹ̀fù tó ń jẹ́ tau. Láti 1975 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ọ̀pá tí alábàárù ń tọ̀ mú, bí okùn tí a fi ń so ọparun òrùlé pọ̀. Nínú àrùn Alzheimer, èròjà kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì a lẹ̀ mọ́ tau ju bó ṣe yẹ lọ, a tú kúrò lára ọ̀pá, a wá lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀nà a dẹgẹrẹ, ìdì tó lọ́ pọ̀ náà a sì dí inú sẹ́ẹ̀lì. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, ṣàpèjúwe ní 1906 nínú ọpọlọ obìnrin kan tó ti tọ́jú. A tún ti rí ibi tí apá sẹ́ẹ̀lì ti wú nínú ọpọlọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí ẹrù kó jọ pelemọ síbẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí pé ẹnìkan kọ ọ́ síhìn-ín pé ká pe àìsàn náà ní “arán”, nígbà tó jẹ́ pé a ti ń wí pé arúgbó ń ṣarán. Ẹ má ṣe é. Ọkọ Yèyé mi àgbà ní Iléṣà jẹ́ òṣómàáló. Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé wọn, Yèyé lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ọkọ wọn ní gbèsè aṣọ, àti iye tó kù lọ́rùn ẹnìkọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹun àárọ̀. A ní wọ́n ń ṣarán, a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òkú sọ̀rọ̀ lóru, aládùúgbò kan ní àjẹ́ ni wọ́n ń jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Arán kì í jẹ́ kéèyàn wá dókítà.

“Àrùn ìsọyènù” ni mo fara mọ́. À ń sọ fún ọmọ pé kó má sọ iyè nù, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. “Àrùn” tó ṣáájú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú mi.

Ẹnìkan tún ní àìsàn òyìnbó ni, kò yẹ kó ní orúkọ Yorùbá. Ní 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn, Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì láàárín wọn, àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé àwọn tí àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, àti 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ó kéré sí ìdajì, ṣùgbọ́n ó wà nílé wa.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mi ò ní ọ̀rọ̀ fún: tau tó lọ́ pọ̀ yẹn. “Ìdì” tí mo lò ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí à ń di ìdì tó gún régé. Yèyé mi máa ń hun kíjìpá, wọ́n sì ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe òwú tó bá díjú lórí òfì, tí wọn ò ní gé, tí wọ́n á fi sùúrù tú. Ìgbà tí mo ronú láti bi wọ́n, kò sí lẹ́nu wọn mọ́. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ṣì ń hunṣọ, ní Iléṣà o, ní Ifẹ̀ o, kó bá mi béèrè, kó kọ ọ́ síhìn-ín.