Kí ni ká máa pe ọ̀ràn ìpànìyàn tí wọ́n pa tì? Èsì sí “ẹjọ́ tútù”

Ẹ kú iṣẹ́ èdè, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ béèrè orúkọ tí òun lè fún ọ̀ràn ìpànìyàn tí ọlọ́pàá kò rí ìdí rẹ̀, tí fáìlì rẹ̀ ti kún fún eruku láti bí ogún ọdún, kí ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun kan tó wá gbé e jáde, tó ní òun yóò tọpinpin rẹ̀. Ẹnì kan dá wọn lóhùn pé kí wọ́n máa lo “ẹjọ́ tútù”, nítorí pé cold case ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Mo fẹ́ tako èyí, nítorí pé àti “ẹjọ́” àti “tútù”, èmi kò rí èyí tó bá ọ̀ràn náà mu.

Ẹni tó bá lọ ra ẹja tútù lọ́jà mọ̀ pé ẹja tí kò tíì fara kan iná ni òun ń rà, ewé tútù sì ni ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Bí a bá ń gbàdúrà ńkọ́? A ó ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ “ẹjọ́ tútù” lè rò pé ẹjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni, tàbí ẹjọ́ tí wọ́n ti parí nírọwọ́rọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ òdìkejì èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa ń wá. Mo gbà pé a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbóná mọ́, ohun tó máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé ó ti rọlẹ̀, tàbí pé ó ti rodò lọ mumi. Èyí kejì yìí wù mí púpọ̀, nítorí pé ẹni tó rodò lọ mumi ṣì lè padà wálé.

Ní ti “ẹjọ́”, ìgbà tí a bá gbé ọ̀ràn dé iwájú adájọ́ ló ń di ẹjọ́. Ọ̀ràn ni ọ̀daràn ń dá, ọ̀ràn náà sì lè wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti parí. Ẹ wo ti Olóyè Bọ́lá Ìgè, mínísítà fún ètò ìdájọ́, tí wọ́n yìnbọn pa nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001. Wọ́n gbé àwọn afurasí lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá wọn sílẹ̀. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ẹni tó pa á, ìdí sì nìyí tí Ààrẹ Buhari fi pàṣẹ ní ọdún 2016 pé kí ọlọ́pàá tún ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi kò ní lè dúró níwájú ará Ìbàdàn kankan kí n pe ọ̀ràn yẹn ní tútù.

Ohun tí mo dábàá ni “ọ̀ràn àpatì”. N kò ṣẹ̀dá rẹ̀: a ti ń gbọ́ “iṣẹ́ àkànṣe àpatì” lórí rédíò tipẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ ká bi ara wa léèrè ẹni tó pa á tì. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá pàṣẹ ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé kí ìjọba tún wádìí ikú Délé Gíwá, oníròyìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ìbéèrè yẹn gan-an ló wà lọ́kàn gbogbo wa.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọlọ́pàá ń jẹ̀bi. Òótọ́ ni. Ní Kalifóníà, ọlọ́pàá kò dáwọ́ dúró lórí ọ̀ràn apànìyàn tó ṣọṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1974 sí 1986. Irinṣẹ́ ni wọn kò ní, títí àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi wé ti àwọn ìbátan rẹ̀ fi mú Joseph DeAngelo ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Irú ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa máa pè ní ọ̀ràn tó rodò lọ mumi, kí wọ́n fi àpatì sílẹ̀ fún èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lé lórí.

Ó ku “ṣí ẹjọ́ padà”, tí àwọn kan fi ń túmọ̀ reopen a case, tí òun náà ń rùn Gẹ̀ẹ́sì. “Tún wádìí” tó fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé “hú”: ẹni tó bá ń hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, àwọn ènìyàn kì í yìn ín, a sì tún ń hú òkú. Bí ẹbí kan bá ní àṣírí nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ọlọ́pàá sọ pé òun fẹ́ tún un wádìí, kí àbúrò olóògbé sì dá a lóhùn pé, “Kí lẹ fẹ́ hú u fún?” Òǹkàwé yóò ti máa fura sí àbúrò náà kí ó tó yí ojú ìwé náà.

Ẹ kàn má fi ìkankan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí ìyá olóògbé lẹ́nu. “Ọ̀ràn ọmọ mi” ni yóò máa pè é, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìparí.