Ìrìnàjò ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ mi ń gbé mi káàkiri. Bí mo bá dé ibi tí aago wọn yàtọ̀ sí tiwa, oorun á sá fún mi: láàárín òru, ojú mi á là kedere, lọ́sàn-án gangan, màá máa tòògbé nípàdé. Mo ti ń jáde sínú oòrùn àárọ̀ kí ara lè tètè bá aago tuntun mu, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ọkàn. Kí ọkọ̀ òfurufú ṣáà ti pẹ́, tàbí kí ẹrù má dé, inú mi á bàjẹ́ títí di alẹ́, oúnjẹ ò ní wù mí. Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ má sọ pé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ o!