Àbọ̀ lórí algae inú táńkì omi iyọ̀ mi: ó ti tán

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè pé algae onírun (ewé omi tó rí bí irun) ti bo òkúta inú táńkì mi, débi pé ó ń fún àwọn kórálì (ẹ̀dá inú òkun tí mò ń sìn lórí òkúta náà) lọ́rùn. Ó ti tán báyìí, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Inú òkúta gan-an ni phosphate, èròjà tó ń bọ́ algae, ti ń wá. Àlòkù ni, ó ti mu phosphate yó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wá ń tú u sómi díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ omi nìkan kò fi ràn án. GFO (hóró onírin tó ń fa phosphate mọ́ra) ló bá mi fà á kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi í sí i, torí bí phosphate bá ṣàdédé já wálẹ̀, kórálì ló máa jìyà. Bó bá sì di òfo, dinoflagellates (ẹ̀dá omi tíntìntín tó ń yọ̀ bí ikun) lè gbalẹ̀, ìyẹn sì burú ju algae lọ. Ìwọ̀n phosphate ti kúrò ní 0.25 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), ó dúró sí 0.05.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra ìgbín Turbo, ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ wọn kì í sábà fọwọ́ kan èyí tó bá ti gùn. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ tu ú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ìdí rẹ̀, mo sì ń fi rọ́bà fa èyí tó já kó má baà lọ hù síbòmíràn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ ìyókù mọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà sì hàn ketekete lára òkúta.

Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.